Lomé, ìlú tí owó ibodè bí: láti fàyàwọ́ dé ìwé "avoir"

Ìtàn owó orí la gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò kan láàárín wa tí kò kàn.

Owó ibodè ló bí Lomé. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì sọ Keta di ara Góòlù Kóòsì ní 1874, wọ́n gbé owó ibodè lé ọtí, tábà, ìbọn àti ètù. Ní 1879, wọ́n sún ibodè wọn dé Aflao. Àwọn oníṣòwò kò bá wọn jà. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n rìn díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n sì sọ̀ ọ́ sí etíkun tí àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kò dé. Bí Lomé ṣe di ìlú òwò nìyẹn, ní nǹkan bí 1880. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fàyàwọ́, òwò ni àwọn ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1884, Gustav Nachtigal bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe àdéhùn lórúkọ Jámánì, kò sì pẹ́ tí Jámánì náà fi gbé owó ibodè tiwọn kalẹ̀. Àwọn tó sá fún owó orí, owó orí tẹ̀ lé wọn débi tí wọ́n sá sí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Lomé bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí 1930, tí ọjà kò tà mọ́, ìgbà náà gan-an ni gómìnà Robert de Guise fi owó orí tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, títí kan ti àwọn obìnrin ọjà. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Duawo ló ń gbẹnu sọ fáwọn aráàlú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1933, ìjọba mú méjì nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà. Làwọn obìnrin ọjà bá tú síta. Ìlú gbóná ní ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì, ìjọba tú àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn lórí owó orí tuntun náà. Irú ìjà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣíwájú wọn, dìde sí owó orí ní 1947, Aláké Adémọ́lá sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949.

Lójú tèmi, kì í ṣe iye owó nìkan ló ká àwọn obìnrin wọ̀nyí lára. Owó orí ìgbà náà mọ ọ̀nà àlọ, kò mọ ọ̀nà àbọ̀. Bí ọjà rẹ kò bá tà, bí wọ́n bá ṣírò rẹ lé, kò sí ìwé tí o lè kọ kí wọ́n fi dín in kù. Ìta gbangba nìkan ló kù.

Ibi tí TVA ti yàtọ̀ nìyí. Maurice Lauré, ará Faransé, ló gbé e kalẹ̀ ní 1954. Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, Nàìjíríà ní 1994, Tógò ní 1995. Ní 1998, UEMOA ní kí àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi í sáàárín 15 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún. 18 ni Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ń gbà. Olùtajà kàn ń bá ìjọba gbà á lọ́wọ́ oníbàárà ni, yóò sì yọ èyí tí òun náà ti san nígbà tó ń rajà.

Tí ọjà bá wá padà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ta aṣọ 100,000 fráńkì fún ilé ìtajà kan. TVA rẹ̀ jẹ́ 18,000, àpapọ̀ 118,000. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n dá aṣọ 20,000 padà nítorí pé ó ti ya. Ìyá náà gbọ́dọ̀ kọ ìwé kejì, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní facture d'avoir: 20,000 pẹ̀lú TVA 3,600, àpapọ̀ 23,600. Ìwé yìí ni yóò jẹ́ kí TVA tó máa san fún ìjọba wálẹ̀ sí 14,400. Bí ilé ìtajà náà bá sì ti yọ 18,000 nínú owó orí tiwọn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá 3,600 padà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iye tí wọ́n kọ kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ìwé àfikún ni wọn yóò kọ.

Láyé àtijọ́, orí ni a fi ń ṣe ìṣirò yìí. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìlóṣòó lẹ́nu ọ̀nà sì ni ìwé gbèsè wọn. Láàárín àwọn Nana Benz tó ń ta àǹkárá ní Lomé, ìfọkàntán ló gbé òwò ró. Ìwé dára ju orí lọ, ṣùgbọ́n iná ń jó ìwé: ilé ọjà ńlá Assigamé jóná ní òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2013. Ìwé tún ṣeé yí. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ ìjọba jẹ lè kọ avoir fún ọjà tí kò padà rárá.

Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba fi gbé e bọ́ sórí ẹ̀rọ. Òfin GST Íńdíà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 2017, fi abala kan sọ̀rọ̀ ìwé ìdínkù àti ìwé àfikún. Nígbà tí ìwé orí ẹ̀rọ sì dé ibẹ̀ ní 2020, méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, facture gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí kọjá, kó ní nọ́ńbà àti àmì tí fóònù lè kà. Avoir náà ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì gbọ́dọ̀ tọ́ka sí facture àkọ́kọ́. Ní Tógò, òfin oṣù Kejìlá 2012 dá OTR sílẹ̀, tó kó aṣọ́bodè àti owó orí sábẹ́ òrùlé kan. Ìlú tí àwọn tó sá fún ibodè tẹ̀ dó ti wá di ibùjókòó wọn.

Ẹ̀yin tó ń tajà lọ tajà bọ̀ láàárín Lomé àti Kùtọ̀nú, ibi tí ọ̀rọ̀ wà rè é. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Bí oníbàárà bá dá ọjà padà, tí o fi bírò fa ìlà sórí facture, tí ẹ jọ rẹ́rìn-ín, ìwọ àti oníbàárà nìkan lẹ gbọ́. Ẹ̀rọ kò gbọ́. Lójú ìjọba, ọjà yẹn ṣì wà ní títà, owó orí rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe ìṣirò bí wọ́n ṣe ń kọ avoir kí ọjà tó padà, kì í ṣe lẹ́yìn tí lẹ́tà owó orí bá dé.

Àwọn ìyá wa ní 1933 fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà àbọ̀ lójú títì. Tiwa wà nínú ìwé kékeré kan. Ẹ má jẹ́ kó ṣègbé nítorí pé a kò béèrè.

Ṣé ọjà ti padà sọ́wọ́ yín rí? Kí lẹ fi ìwé rẹ̀ ṣe? Ẹ bá wa sọ ọ́ nísàlẹ̀, kí ẹlòmíràn lè rí kọ́.