Àwọn Tó Yà Wákàtí Sọ́tọ̀ fún Àdúrà

Ní Auckland Park, ní Johannesburg, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ìjọ Apostolic Faith Mission ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ rẹ̀. Ọdún 1908 ni ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yẹn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkàn mi máa ń lọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin tiwa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ọdún 1918 ni, ọdún lùkúlùkú. Àrùn náà bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó, ó sì ń jà láti ìlú dé ìlú. Johannesburg pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí oògùn òyìnbó kò kápá rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ St Saviour's mélòó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti gbàdúrà, lọ́tọ̀ sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Joseph Shadare ni aṣáájú wọn. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́, wà lára wọn. Òun ló ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn máa lò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn.

Ẹ má gbàgbé pé wọn kò ní i lọ́kàn láti dá ìjọ sílẹ̀. Wákàtí àdúrà ni wọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀ kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àlùfáà ní ìbéèrè. Wọ́n ní àwọn kò lo oògùn mọ́. Wọ́n ní kò yẹ kí a ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà kò gbà. Shadare fi ipò rẹ̀ nínú Sínóòdù sílẹ̀, nígbà tó sì di 1922, wọ́n jáde. Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ni mi ò lè bá wọn gbà láé. Òun náà ló tún dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì ti Gẹ̀ẹ́sì dé, tí wọ́n ń lo kuníìnì.

Ní 1928, Joseph Ayo Babalola ń wa katakata tí ìjọba fi ń tẹ ọ̀nà ní apá Àkúrẹ́. Ó ní ẹ̀rọ náà dákú, ohùn kan sì pe òun. Ó fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ní 1930, ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, èrò tó wá bá a kò lóǹkà, omi lọ́wọ́ wọn, kí ó lè gbàdúrà sí i.