Ẹnu Kámẹ́rà Ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Orúkọ

  Admin yín ni. Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn mi. Wọ́n á bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní dátà láti gbọ́ ohùn.

Lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n wa kan fi fọ́tò páálí kan sórí group. Lẹ́ǹsì kámẹ́rà àtijọ́, ti ayé fíìmù, ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní ká fi owó àjọ rà á, pé àwọn ọ̀dọ́ ti tún ń wá kámẹ́rà fíìmù. Òótọ́ ni, wọ́n ń wá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìtàn díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ránṣẹ́.

Kámẹ́rà tí à ń wí yìí, dígí kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán sókè sójú ẹni tó ń ya fọ́tò. Tó bá ti tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, ìmọ́lẹ̀ á kọjá lọ bá fíìmù. Lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé yọ, ó sì ṣeé pààrọ̀. Ibi tí lẹ́ǹsì ti ń wọ ara kámẹ́rà ni èmi ń pè ní ẹnu. Ẹnu yìí ni gbogbo wàhálà.

Ní 1949, ní Dresden ní Jámánì, ìlú tí bọ́ǹbù ti bàjẹ́ ní 1945, kámẹ́rà Contax S jáde. Ṣe ni wọ́n ń yí lẹ́ǹsì rẹ̀ wọlé bí ẹni ń dé ìdérí ìgò. Fífẹ̀ ẹnu náà jẹ́ mìlímítà 42. Praktica lo ẹnu kan náà, Pentax ti Jàpáànì mú un ní 1957, Zenit ti Rọ́ṣíà náà mú un nígbà tó yá. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ǹsì Rọ́ṣíà ṣe ń wọ kámẹ́rà Jàpáànì láìsí ìjà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: àwọn Zenit tó kọ́kọ́ jáde, mìlímítà 39 ni ẹnu tiwọn. Ẹ bá fojú lásán wò ó, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Lẹ́ǹsì 39 ti Zenit lè wọ ẹnu 42 tí ẹ bá fi òrùka tín-ín-rín kan sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì 39 ti Leica, tàbí ti Zorki, kò lè ya ohun tó jìnnà lórí Zenit, bó tilẹ̀ yí wọlé.

Kí ló fà á? Ìwọ̀n tí lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí fíìmù ni. Ti Leica jẹ́ mìlímítà 28.8, ti ẹnu 42 jẹ́ 45.46, ti Nikon 46.5, ti Canon EOS 44. Tí ilé tí lẹ́ǹsì ń lọ bá jìn ju ilé tó ti wá, ohun tó súnmọ́ tòsí nìkan ni yóò mọ́. Ohun tó wà lókèèrè á máa dà bí ìgbà tí ọ̀yẹ́ bolẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ǹsì ẹnu 42 fi ń tà fún àwọn tó ní Canon EOS, àyè òrùka wà níbẹ̀. Lórí Nikon, kò sí àyè yẹn.

Ẹ tún gbọ́ ti orúkọ. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ pé Carl Zeiss Jena ló pọ̀ jù nínú páálí. Ilé iṣẹ́ yìí ṣe lẹ́ǹsì fún ẹnu 42, ó ṣe fún ẹnu Exakta, ó sì ṣe fún ẹnu Praktica tuntun tó jáde ní 1979. Ẹnu mẹ́ta, orúkọ kan! Nígbà tí wọ́n pín Jámánì sí méjì, àwọn Zeiss méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí orúkọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ máa rí “aus Jena” lásán lára àwọn kan. Ojúlówó ni wọ́n o, ẹ má pè é ní fèrúkè.

Àwọn ará Jàpáànì kò fẹ́ yíyí-yíyí yẹn títí lọ. Wọ́n fẹ́ èyí tí ẹ kàn máa kì bọ̀ ọ́, tí ẹ ó yí díẹ̀, á sì dún kò. Minolta ṣe tirẹ̀ ní 1958, Nikon ní 1959, Pentax fi ẹnu 42 sílẹ̀ ní 1975. Kálukú wá ní ẹnu tirẹ̀. Ìgbà tí kámẹ́rà tó ń fúnra rẹ̀ wá ojú àwòrán dé, Minolta sọ ẹnu àtijọ́ nù ní 1985, Canon sọ FD nù ní 1987, ó gbé EOS jáde, tí mọ́tò wà nínú lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti ń kó lẹ́ǹsì FD jọ láti 1971, kámẹ́rà tuntun kò gbà á mọ́. Canon ni méjèèjì ń jẹ́.

Nikon ní tiẹ̀ kò pààrọ̀ ẹnu. Ohun tó wà létí ẹnu ló pààrọ̀, ní 1977. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kàgbákò.

Bàbá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń ya fọ́tò ní Kánò kí n tó dé ibí, gbé Nikon FM2 wọn fún mi pé kí n bá wọn wá lẹ́ǹsì. Mo rí ọ̀kan nínú ẹrù tòkunbọ̀, ó pẹ́ ju 1977 lọ. Nikon ni, mo ní ó parí. Mo kì í bọ̀ ọ́, ó há. Mo fi agbára yí i. Irin kékeré tó wà létí ẹnu kámẹ́rà kán. Lára FM tó ṣáájú, irin yẹn ṣeé ká sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lára FM2, kò ṣeé ká. Kámẹ́rà náà ṣì ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n kò lè wọn ìmọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Bàbá ò bá mi jà. Wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n dá a padà sínú àpò, wọ́n ní “ó dàárọ̀.” Títí dòní, tí mo bá fẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà.

Lára lẹ́ǹsì Nikon, ẹ wo òrùka tí nọ́ńbà wà. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ ìlà méjì, ńlá àti kékeré, ti 1977 síwájú ni. Tó bá jẹ́ ìlà kan, ẹ má gbé e súnmọ́ FM2, àfi tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gé ẹ̀yìn òrùka náà.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò iwájú tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn kò tó. Ẹ dojú lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan délẹ̀, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó jẹ́ yíyí. Tí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ ṣí i wò, ẹ fi páálí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Owó àjọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, n ò tíì fi náírà kan ránṣẹ́. Mò ń retí fọ́tò yín.