Ẹ̀kọ́ Àtọ̀gbẹ: Láti Boston dé Ìgbódìgò

Bí àtọ̀gbẹ bá ń bá ará Ìgbódìgò kan fínra, ó ṣeé ṣe kí ó forí lé ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa. Dókítà yóò kọ oògùn fún un, yóò sì kìlọ̀ pé kí ó dín oúnjẹ afáralókun kù. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó bá délé, pupuru ló wà nílẹ̀. Báwo ni òkèlè tí yóò bù ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ta ni yóò bi? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí.

Ní 1918, nígbà tí kò tíì sí abẹ́rẹ́ ínsúlínì, Elliott Joslin, dókítà kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde. Inú àkọlé rẹ̀ gan-an ni ó ti sọ pé dókítà àti aláìsàn ni òun kọ ọ́ fún. Láyé ìgbà náà, dókítà a máa pàṣẹ, aláìsàn a sì máa gbọ́. Joslin mú àwọn méjèèjì jókòó ti ìwé kan ṣoṣo. Nígbà tí Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlínì ní Toronto ní 1921, tí wọ́n sì fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1922, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣòro ti tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ wá di dandan. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò máa gún abẹ́rẹ́ náà nílé: bí ó bá pọ̀ jù, ó lè dákú, bí ó bá kéré jù, ṣúgà yóò gara. Ìdí nìyí tí Joslin fi ń rán àwọn nọ́ọ̀sì lọ sílé àwọn aláìsàn láti kọ́ wọn.

Àmọ́ àwọn dókítà náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn láti kọ́, aláìsàn kan ló sì kọ́ wọn. Richard Bernstein, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tí àtọ̀gbẹ ti ń ṣe láti ọmọ ọdún 12, rí ìpolówó ẹ̀rọ tí ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní 1969. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí àtọ̀gbẹ dá kú àti ẹni tí ọtí pa. Dókítà nìkan ni wọ́n ń tà á fún, $650 sì ni owó rẹ̀. Ìyàwó Bernstein jẹ́ dókítà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Bernstein ń wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, ó sì rí ohun tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn sì kọ̀ ọ́. Ní 1979, ní ọmọ ọdún 45, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kí wọ́n lè gbọ́ tirẹ̀. Lónìí, wíwọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ara ẹni nílé ni ọ̀pọ̀ dókítà ń gba aláìsàn tó ń gún ínsúlínì níyànjú láti ṣe.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé olówó nìkan ni irú ètò yìí wà fún, kí ó wo Los Angeles. Ní 1972, Leona Miller àti Jack Goldstein ròyìn ohun tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba kan níbẹ̀, níbi tí àwọn tálákà ti ń gba ìtọ́jú. Wọ́n kọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ḿbà tẹlifóònù tí wọ́n lè pè bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Iye àwọn tí àtọ̀gbẹ ń gbé dá kú dínkù gidigidi.

Nílé wa, UCH Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957, ni ìmọ̀ ti kọ́kọ́ jinlẹ̀. Ní 1971, Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn àtọ̀gbẹ 832. Ní 1997, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ bíbí Òǹdó, darí ròyìn pé ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni àtọ̀gbẹ ń bá jà ní Nàìjíríà. Àgbéyẹ̀wò mìíràn tó jáde ní 2018 gbé e sí 5.77. Àìsàn náà ń rìn lọ sí abúlé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní tèmi, ṣì jókòó sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì àti ànàmọ́ òyìnbó kò wúlò fún ẹni tí pupuru jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí a kọ ni bí òkèlè ṣe gbọ́dọ̀ mọ, bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja ṣe lè pọ̀ ju òkèlè lọ, àti ìdí tí ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe kò fi gbọdọ̀ lọ sóko láìwọ bàtà. Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ni kí nọ́ọ̀sì fi sọ ọ́. Dókítà ní Òkìtìpupa náà gbọ́dọ̀ kọ́ láti béèrè ohun tí aláìsàn jẹ lánàá kí ó tó kọ oògùn, kí ó sì béèrè nípa àgbo láìbú u, kí aláìsàn má baà fi pamọ́. Fóònù ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó ń wọ́n ni bébà tí a ń fi bọ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń lò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ sì ni kí ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó ti kọ́kọ́ fi owó sí.