Afẹ́fẹ́ Inú Ìjánu: Ìtàn Bíréèkì Alùpùpù láti Ìgbà Okùn Irin títí dé Ìgbà ABS



1. Ìfáàrà

Kí alùpùpù tó dé ilẹ̀ yìí, ẹṣin ni ohun ìrìnnà tí ó yára jù lọ tí àwọn baba wa mọ̀. Ẹni tí ó bá sì gun ẹṣin mọ iyì ìjánu, nítorí pé pàṣán ni í mú ẹṣin sáré, ìjánu ni í mú ẹni tí ó gùn ún dé ilé. Nígbà tí ọkọ̀ dé, èdè wa kò ju ọ̀rọ̀ náà nù. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréèkì ni ìwé ń pè ní ìjánu, n ó sì lo orúkọ méjèèjì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́yìn lónìí. Òun ni pé ní gbogbo ìgbà tí a bá fi agbára àti ọgbọ́n kún ìjánu alùpùpù, ibi tí àbùkù rẹ̀ lè fara pamọ́ sí a tún máa jìnnà sí ẹni tí ń gùn ún. Iṣẹ́ kékeré kan tí a ń ṣe ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, èyí tí í ṣe yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì, ni n ó fi ṣe atọ́nà. Àwọn òpìtàn kì í sábà kọ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n ń ròyìn; wọn kì í ròyìn ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

2. Ìgbà okùn irin

Ní 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì kan ní Cannstatt, ní ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó kà á sí baba ńlá alùpùpù òde òní. Ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn alùpùpù ìbẹ̀rẹ̀ ti jogún ìjánu wọn. Nígbà tí ó yá, dúrọ́ọ̀mù gba ipò. Dúrọ́ọ̀mù jẹ́ irin tí ó rí bí ìkòkò pẹrẹsẹ, tí ó ń bá táyà yí, tí ṣúù méjì sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fún ọwọ́ bíréèkì, okùn irin a fà, ṣúù a là síta, a sì há mọ́ dúrọ́ọ̀mù títí táyà yóò fi dúró.

Agbára ìjánu yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí ó yẹ kí a kíyè sí: kì í sábà fi àrùn rẹ̀ pamọ́. Bí okùn bá ti nà jù, ọwọ́ bíréèkì yóò wọlé ju bí ó ti yẹ lọ. Bí okùn bá fẹ́ já, ojú yóò rí fọ́nrán tí ó ti ṣáájú já. Ẹni tí ó ni alùpùpù lè fi sípánà kan ṣoṣo fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, kí ó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ojú rí àbùkù, ọwọ́ sì mọ̀ ọ́n.

3. Ìgbà ọ́ìlì

Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láàárín 1623 àti 1662, ni ó ṣàlàyé òfin tí ìjánu ọlọ́ìlì dúró lé. Òfin náà ni pé bí a bá tẹ omi tí a dé pinpin, agbára títẹ̀ náà yóò tàn ká inú rẹ̀ ní ọgbọọgba. Nítorí náà, bí ìka bá ti písítìnnì kékeré lókè, písítìnnì ńlá tí ó wà nísàlẹ̀ yóò fi agbára tí ó ju ti ìka lọ ti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí òfin yìí tó di ìjánu. Ní nǹkan bí 1917 ni Malcolm Loughead, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé bíréèkì ọlọ́ìlì tirẹ̀ kalẹ̀. Ní 1921, ilé-iṣẹ́ Duesenberg fi irú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ wọn tí wọ́n pè ní Model A. Àwọn tí ń ṣe alùpùpù kò tètè tẹ̀ lé wọn. Ọdún 1969, tí Honda gbé CB750 jáde fún títà, ni alùpùpù tí a ń ṣe ní ọ̀pọ̀ yanturu wá gbé bíréèkì ọlọ́ìlì onídíísìkì sí iwájú. Díísìkì ni irin róbótó pẹlẹbẹ tí ń bá táyà yí. Kálípà ni ó di páàdì méjì mú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì sì ni ó ń ti páàdì mọ́ ọn. Alùpùpù Honda yìí tà gan-an, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì gba ọ̀nà náà.

Agbára pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀tá tuntun dé. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà nínú ọ̀pá ọ́ìlì, agbára ọwọ́ yóò parí sórí fífún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ páàdì. Ọwọ́ bíréèkì yóò máa rọ̀ wọlé bí ìgbà tí a bá ń tẹ kànìnkànìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì bíréèkì tí ó wọ́pọ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ tí a kò dé. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C; nígbà tí ó bá ti fa omi dé ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń dán an wò, òfin gbà pé kí ó lè máa hó láti 155°C. Bí a bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn tí ìjánu gbóná, omi inú ọ́ìlì yóò di ooru-omi, ooru-omi náà yóò sì máa fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́.

Báyìí ni iṣẹ́ yíyọ afẹ́fẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan a di ọwọ́ bíréèkì mú, ẹnì kejì a lóṣòó ti kálípà. Wọn a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ orí nọ́ọ̀tì oníhò kan lára kálípà, wọn a sì ri ìpẹ̀kun rẹ̀ kejì bọ inú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò. Ẹni àkọ́kọ́ a fún ọwọ́ bíréèkì, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì a tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ọ́ìlì pẹ̀lú ìfóófòó a jáde. A dè é padà kí ẹni àkọ́kọ́ tó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi ètò yìí ṣe, afẹ́fẹ́ tí ó jáde yóò tún wọlé. Wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ́ìlì inú agolo òkè tán. Nígbà tí ìfóófòó kò bá sí mọ́, tí ọwọ́ bíréèkì sì le gbandi, iṣẹ́ parí. Ojú kò rí àbùkù mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì mọ̀ ọ́n.

4. Táyà tí kò gbọdọ̀ dì

Ìjánu tí ó lágbára púpọ̀ ní ewu tirẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn tí ó fún bíréèkì pa, táyà yóò dì, yóò sì máa yọ̀ lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lè yọ̀ kí ó má ṣubú. Alùpùpù tí táyà iwájú rẹ̀ bá dì, ilẹ̀ ni ó ń lọ.

Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni ìwòsàn ti wá. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Dunlop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Maxaret. Irin wúwo kan ń yí nínú rẹ̀ pẹ̀lú táyà. Bí táyà bá fẹ́ dì lójijì, irin náà kò lè dúró bẹ́ẹ̀, yíyí rẹ̀ ni yóò sì ṣí fáàfù láti dẹ bíréèkì. Ní 1958, àwọn olùwádìí ní Road Research Laboratory fi í sí alùpùpù Royal Enfield Super Meteor. Ìdánwò náà fi hàn pé lójú ọ̀nà tí ń yọ̀, ó lè dín ọ̀nà tí alùpùpù ń rìn kí ó tó dúró kù tó ìdá 30 nínú 100. Síbẹ̀ náà, ilé-iṣẹ́ Royal Enfield kò rí ọjọ́ iwájú nínú rẹ̀, wọn kò sì gbé e dé ọjà.

Ogún ọdún kọjá. Ní 1978, Bosch àti Mercedes-Benz gbé ABS tí ń lo kọ̀ǹpútà sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní 1988, BMW gbé irú rẹ̀ sí alùpùpù K100, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ FAG Kugelfischer. Ẹ̀rọ ìgbà náà wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 11. Lónìí, òmíràn wà tí kò tó kílógíráàmù kan. Lẹ́yìn náà ni òfin dá sí i. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti 2016, oríṣi alùpùpù tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ju 125 cc lọ gbọdọ̀ ní ABS. Ní 2017, ó kan gbogbo èyí tí a bá ń tà ní tuntun. Ilẹ̀ Íńdíà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2018 àti 2019.

5. Ibi tí afẹ́fẹ́ sá sí

Ẹ jẹ́ kí a wo inú àpótí ABS tí ó wọ́pọ̀ lónìí. Fáàfù méjì ni ó wà fún táyà kọ̀ọ̀kan. Fáàfù ìwọlé a máa wà ní ṣíṣí, kí ọ́ìlì lè dé kálípà. Fáàfù ìjáde a máa wà ní títì. Ní ẹ̀yìn fáàfù ìjáde yìí ni yàrá kékeré kan àti pọ́ńpù wà. Ìgbà tí táyà bá fẹ́ dì nìkan ni kọ̀ǹpútà ń ti fáàfù ìwọlé, tí ó ń ṣí ti ìjáde kí ọ́ìlì lè sá wọ yàrá náà, kí pọ́ńpù sì dá a padà. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀yìn ètò yìí yọ. Bí afẹ́fẹ́ bá há sí ẹ̀yìn fáàfù tí ó wà ní títì, fífún àti títú tí mo ṣàlàyé kò lè kàn án. Mẹkáníìkì yóò ṣe iṣẹ́ náà bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ọwọ́ bíréèkì yóò le. Ẹni tí ó ni alùpùpù yóò sanwó, yóò sì dúpẹ́. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, tí ewúrẹ́ já lu títì, tí ABS sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni fáàfù yóò ṣí, tí afẹ́fẹ́ yóò dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, tí ọwọ́ bíréèkì yóò rọ̀ ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù lọ. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ojú kò rí àbùkù, ọwọ́ pàápàá kò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

N kò sọ pé ọ̀nà àtijọ́ ti kú. Bí ó bá jẹ́ pé a kàn fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, tí afẹ́fẹ́ kò sì wọ inú àpótí, ọ̀nà náà tó fún ọ̀pọ̀ alùpùpù. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí ọ́ìlì agolo òkè tán, tàbí tí a tú àpótí náà fúnra rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ irú ABS, kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò ni a ó so mọ́ alùpùpù, kí ó pàṣẹ fún fáàfù láti ṣí, kí pọ́ńpù sì ṣiṣẹ́, nígbà tí a ń tú ọ́ìlì jáde. Ètò wọn kò sì rí bákan náà. Èyí tí BMW gbé jáde ní 2001 ní pọ́ńpù tí ń ran ọwọ́ lọ́wọ́, ọ̀nà ọ́ìlì ti ọwọ́ sì yàtọ̀ sí ti táyà. Ẹni tí ó bá yọ afẹ́fẹ́ kúrò ní ọ̀kan tí ó gbàgbé èkejì kò tíì ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà ni ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ fún alùpùpù kọ̀ọ̀kan fi ṣe kókó. A kò sì gbọdọ̀ da DOT 5 sínú ABS tí a ṣe fún DOT 4, torí pé irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ a máa di ìfóófòó wẹ́wẹ́ mọ́ra.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa kò ju 125 cc lọ. Dúrọ́ọ̀mù ṣì wà lára púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ mẹkáníìkì sì mọ èdè wọn. Ṣùgbọ́n alùpùpù ńlá tòkunbọ̀ ń wọlé, ABS sì ń bá wọn wọlé. Ìwé ìtọ́ni àti kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò kì í sábà bá wọn wá. Ibẹ̀ ni ewu wà. A lè ra ọgbọ́n tí ó wà nínú irin lọ́jà. Ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn, kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ.

Ìtàn tí mo sọ yìí kò bu ẹnu àtẹ́ lu ABS. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, Royal Enfield ìbá sì ti ṣe dáadáa bí wọ́n bá fetí sí ìdánwò 1958. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa ni pé nígbà tí ìjánu bá gbọ́n ju ọwọ́ lọ, ẹni tí ń tọ́jú ìjánu gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ kò lè sọ fún un. Bí a bá ń kọ ìtàn ẹ̀rọ láìkọ ìtàn ìtọ́jú rẹ̀, pàṣán nìkan ni a kọ ìtàn rẹ̀, a kò tíì fọwọ́ kan ìjánu.