Nígbà tí Iye Ebè Kò Bá Dọ́gba: Ìtàn Àṣìṣe nínú Íntígírà Ìlọ́po Méjì

Ní oko iṣu ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún, igba igba ni wọ́n ń ka ebè fún alágbàṣe. Bí ìlà ebè bá jẹ́ ogún, tí ebè mẹ́wàá sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, igba pé. Olóko lè kà á gba ìbú, kí alágbàṣe kà á gba òòró. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹnìkan ti fo ìlà nìyẹn, owó iṣẹ́ yóò sì dúró títí wọn yóò fi tún un kà.

Íntígírà ìlọ́po méjì, tí ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti ti iṣẹ́ ẹ̀rọ láàmú ní yunifásítì, kò ju irú kíkà yìí lọ ní ìpìlẹ̀. A pín ilẹ̀ sí ègé wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà, a kó wọn jọ gba ìbú, a sì tún kó wọn jọ gba òòró. Síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 140 kí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tó mọ gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀.

Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, ní ìparí àwọn ọdún 1760, nígbà tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́ lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: bí a bá pààrọ̀ ohun tí a fi ń wọn ilẹ̀, kí ni ègé ilẹ̀ yóò dà? Ọ̀nà tó yá jù ni kí a kàn sọ ìbú tuntun àti òòró tuntun di púpọ̀ mọ́ra. Euler dán an wò, kò bọ́gbọ́n mu. Ohun kan ní láti wà tí yóò sọ bí ègé tuntun ṣe tóbi tó sí ti àtijọ́. Jacobi, ọmọ Jámánì, ló ṣàlàyé nǹkan náà yanjú ní 1841; orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ohun náà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbàgbé. Ẹ mú róbótó tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1. Bí a bá fi ìjìnnà sí àárín, r, àti igun, θ, wọ̀n ọ́n, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ r dr dθ, nítorí pé ègé tó jìnnà sí àárín fẹ̀ ju èyí tó sún mọ́ ọn. Ẹni tó gbàgbé r yóò rí 2π, nǹkan bíi 6.28. Gbogbo ìṣirò tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn lè tọ̀nà, kí ó kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má rí àléébù. Àmọ́ róbótó náà wọ inú onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 2, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 4 lọ. Báwo ni ohun tó wà nínú àpò ṣe lè tóbi ju àpò lọ? Èsì tó tọ́ ni π, nǹkan bíi 3.14.

Àṣìṣe ààlà yára hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yí ètò kíkà padà láì yí ààlà padà lè bá lẹ́tà x nínú èsì tó yẹ kó jẹ́ nọ́ńbà lásán.

Èyí tí Augustin-Louis Cauchy rí ló le jù. Nínú iṣẹ́ tó gbé síwájú àwọn onímọ̀ ní Paris ní 1814, tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1827, ó fi hàn pé ètò kíkà lè yí èsì padà. Àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ ń lò ni (x² − y²)/(x² + y²)², lórí onígun mẹ́rin tí ìhà rẹ̀ jẹ́ 1. Kà á gba ọ̀nà kan, π/4. Gba ọ̀nà kejì, −π/4. Kò sẹ́ni tó fo ìlà. Igun kan ṣoṣo, níbi tí x àti y ti jẹ́ òfo, ni iye náà ti ya kọjá gbogbo ààlà. Ọdún 1907 ni Guido Fubini, ọmọ Ítálì, tó gbé òfin kalẹ̀ lórí ìgbà tí kíkà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Tonelli fi tirẹ̀ kún un ní 1909.

Inú irú ìṣọ́ra yìí ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí Adégòkè Olubummo, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, yàn láàyò ti hù jáde. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955, ó sì di olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí oyè ibẹ̀ ṣì jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá kúrò ní Ìlá lónìí lọ kọ́ ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀ lè bá òfin Fubini pàdé lórí pátákó, ìlà kan péré. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í sọ fún un pé ọdún 93 ló wà láàárín iṣẹ́ Cauchy àti ìlà yẹn.