Ààrẹ Ń Bínú, Òǹwòran Ń Rẹ́rìn-ín: Ẹ̀rín Inú Eré Ìtàn Àwọn Olórí Wa

Lọ́dọọdún ni ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa máa ń fún wa láàyè láti sọ díẹ̀ nípa ibi tí a ti ń bọ̀, kí àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín má baà rò pé orí Aba Road ni ìran wọn ti ṣẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín la gbé wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí ní egungun nínú.

Ọjà Oil Mill ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọjà yìí ní Rumukwurusi. Ọjọ́rú ni ó máa ń kún, ẹni tó bá sì wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, àfi kó ní sùúrù bíi ti Jóòbù. Aṣọ, bàtà àti báàgì òkìríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. (Ìlú Okrika tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín náà ni orúkọ òkìríkà tí a ń pè káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ti wá.) Láàárín èrò ọjà yìí ni àwọn ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ àti gààrí Ìjẹ̀bú wà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ń ná èlùbọ́ lọ́wọ́ ìyá kan tí a bí ní Agó-Ìjàyè, l'Abẹ́òkúta. Bàbá ní owó náà ti pọ̀ jù. Ìyá dá a lóhùn pé, “Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ ti lé wa kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ tún fẹ́ lé mi kúrò nídìí igbá ni?” Bàbá ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ògúnmọ́lá ló lé yín, kì í ṣe èmi. Èlùbọ́ ni èmi wá rà.” Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ìyá sì bu èènì fún un. Ṣùgbọ́n ọmọdé kan tó dúró tì wá béèrè pé kí ló pa wá lẹ́rìn-ín. A wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tó rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí ìbéèrè ọmọ yẹn la ṣe kọ ìwé yìí.

ÀÀRẸ KÚRUNMÍ ÀTI OGUN ÌJÀYÈ

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn àti Ìjàyè di ìlú ológun méjì tó lágbára jù lábẹ́ Aláàfin Àtìbà ní Ọ̀yọ́ tuntun. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ń ṣe olórí Ìjàyè. Òun ni ọ̀gá ogun, òun náà ni adájọ́. Bó bá wúkọ́, ìlú a dákẹ́.

Àṣà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ a bá a lọ. Àtìbà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, wà láàyè kó sì jọba. Àwọn olóyè Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, tí Adélù gorí ìtẹ́, Ààrẹ ní òun kò mọ̀ ọ́n lọ́ba. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìbàdàn jà fún Ọ̀yọ́. Kúrunmí pàdánù ọmọkùnrin márùn-ún lójú ogun. Ebi wọ ìlú. Ààrẹ fúnra rẹ̀ kú ní 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Púpọ̀ nínú àwọn tó yè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí la sì ń pè ní Agó-Ìjàyè títí di òní. Ibẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti wá. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tó ti pé ọgọ́jọ ọdún ni wọ́n fi ń ná ọjà.

ẸNI TÓ GBÉ ÀÀRẸ SÓRÍ ÌTÀGÉ

Ọlá Rótìmí ló sọ ìtàn yìí di eré tí gbogbo ayé mọ̀. Sapele ni wọ́n bí i sí ní 1938. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìjọ̀ ará Nembe sì ni ìyá rẹ̀. Nembe yìí, ìpínlẹ̀ Rivers ni ó wà tẹ́lẹ̀. Bayelsa ló bọ́ sí ní 1996. Nítorí náà, ọmọ wa ni Ọlá Rótìmí, ọmọ àwọn tó gbà wá lálejò sì tún ni. Ilé-Ifẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣe eré “Kurunmi” ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ṣì ń jà. Ẹni tó bá wo eré nípa ará ilé méjì tó ń pa ara wọn lọ́dún yẹn, kò nílò àlàyé. Ní 1977, ó kó wá sí Yunifásítì Port Harcourt, ó sì kọ́ni níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 2000.

Èdè Òyìnbó ló fi kọ eré náà, ṣùgbọ́n èémí Yorùbá ló wà nínú rẹ̀. Òwe ló kún ẹnu Kúrunmí fọ́fọ́. Bó bá fẹ́ na ènìyàn, òwe ni pàṣán rẹ̀. Ibi tí àwọn òǹwòran ti máa ń rẹ́rìn-ín jù ni ibi tí ahọ́n Ààrẹ bá ti ń gún àwọn tó wá bá a sọ̀rọ̀ Adélù. Ẹni tó wá pẹ̀lú agbádá ńlá yóò padà bí adìẹ tí òjò pa. Òyìnbó ajíhìnrere, Adolphus Mann, tó gbé Ìjàyè lóòótọ́ láyé Kúrunmí, wà nínú eré náà pẹ̀lú. Bí àgbà ológun àti oníwàásù ṣe ń fọgbọ́n wá inú ara wọn, ẹ̀rín ni. Lọ́hùn-ún ní Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá ń gbóná bí epo tí a gbé kaná, Ìbíkúnlé Balógun ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má baà gbiná. Ta ni kò mọ irú méjì bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé mọ̀lẹ́bí tirẹ̀?

Ìtàn sọ fún wa pé wọ́n gbé ère ìbejì àti ọta pẹ̀lú ẹ̀tù síwájú Kúrunmí. Bó bá mú ìbejì, àlàáfíà. Bó bá mú ọta, ogun. Ọta ló mú. A ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ sí í há sí wa lọ́fun. Nígbà tí ìròyìn ikú àwọn ọmọ rẹ̀ dé, kò sí ẹni tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni yóò wá yé ènìyàn pé ẹnu dídùn tó ń pa wá lẹ́rìn-ín náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àlàáfíà. Kúrunmí mọ òwe fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tó pa òwe fún un.

A kò ní kí ẹ kórìíra Ààrẹ o. Ó ní ohun tó ń gbà gbọ́, ó sì dúró tì í. Ìbéèrè tí eré náà fi sílẹ̀ fún wa ni pé, bí olórí bá tiẹ̀ jàre, ṣé ó yẹ kí gbogbo ìlú bá a kú sí i?

ÀÀRẸ KEJÌ

Ní 1964, Olóyè Ladoke Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ẹni tó bá gbọ́ Akíntọ́lá rí mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Nínú àwọn olóṣèlú ayé rẹ̀, ó ṣòro láti rí ẹni tó mọ bí a ti í fi Yorùbá dá àpárá bí i. Ọ̀tá rẹ̀ pàápàá á rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń bú.

Lọ́dún kan náà ni wọ́n pe Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Òsósà, pé kó wá ṣeré níbi ayẹyẹ ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tó jẹ́ ti àwọn alátìlẹ́yìn Akíntọ́lá. Eré tó gbé wá ni “Yorùbá Ronú”: ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà, tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n, tí ìnira sì bá ìlú títí wọ́n fi dìde. Kò dá orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n nígbà náà, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ sì ni Akíntọ́lá rí. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Àwọn tó sanwó eré ni eré ń bá wí! Bí kì í bá ṣe pé ohun tó tẹ̀ lé e burú, eléyìí nìkan tó ẹ̀rín àrínkú.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúnǹdé kí wọ́n má ṣeré mọ́ ní agbègbè náà. Kì í ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Láyé àwọn Òyìnbó, wọ́n ti mú un ní Jos nítorí “Strike and Hunger”. “Bread and Bullet” tó ṣe ní 1950 sì dá lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley, Enugu, ní 1949, àwọn tó ń wa èédú tí ọkọ̀ ojú irin ń kó wá sí èbúté Port Harcourt níbí. Òfin Òyìnbó kò ya Ògúnǹdé lẹ́nu. Ti ọmọ ìyá ẹni ló dùn ún. Ó fi eré mìíràn fèsì, ó pè é ní “Òtítọ́ Korò”. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, tí wọ́n sì ti pa Akíntọ́lá, ni Gómìnà Fájuyì tó gbé òfin náà kúrò.

A kò sọ èyí láti bú òkú. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé olórí tó mọ ẹ̀rín pa ènìyàn jù lọ kò lè gba kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ààrẹ méjì, ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ láàárín wọn, àìsàn kan náà.

ÀWỌN ADẸ́TẸ̀ PORT HARCOURT

Olórí kẹta tí a fẹ́ mẹ́nu bà kì í ṣe Yorùbá, kò sì jẹ Ààrẹ rí. Ikoli Harcourt Whyte ni, ọmọ Abonnema, akọrin, adẹ́tẹ̀. Ní nǹkan bí 1928, nígbà tí dókítà Òyìnbó tó ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Port Harcourt níbí padà sílé, ìjọba ní kí àwọn aláìsàn náà máa lọ. Wọ́n kọ̀. Harcourt Whyte ṣaájú wọn, wọn kò sinmi títí wọ́n fi rí ibùdó gbà ní Uzuakoli ní 1932. Ọlá Rótìmí sọ ìtàn yìí di eré “Hopes of the Living Dead” ní Yunifásítì Port Harcourt ní 1985.

Ẹ̀rín inú eré yìí yàtọ̀. Èdè oríṣiríṣi ni àwọn aláìsàn náà ń sọ, olúkúlùkù ń sọ ti ìlú rẹ̀, wọ́n sì ní láti máa túmọ̀ fún ara wọn. Ẹni kan á sọ̀rọ̀, apá kan á gbọ́, apá kejì á máa retí. Nígbà tí ìtumọ̀ bá dé, ẹ̀rín á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹni tó bá ti tajà ní Oil Mill rí mọ̀ ọ́n: Ìkwerre níwájú, Ìgbò lẹ́yìn, Ìjọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, Yorùbá láàárín, pidgin sì ń so gbogbo wa pọ̀. Olórí tó wà nínú eré yìí kò ní ọta, kò ní ẹ̀tù. Sùúrù kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni ohun ìjà rẹ̀. Nínú àwọn olórí mẹ́ta tí a dárúkọ, òun nìkan ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé èbúté láyọ̀.

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Kò tíì pẹ́ tí ìpàdé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú nítorí ẹni tí yóò jókòó sí orí àga iwájú lọ́jọ́ ayẹyẹ. Àgbà méjì ń na ìka sí ara wọn, àwọn ọmọ wa ń wò. Àfi ìgbà tí ìyá àgbà kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Ààrẹ Ọ̀nà Oil Mill ní àga o, kó tó ní ká lọ kó ìbejì àti ọta wá!” Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Àga méjì la gbé síwájú. Bí wọ́n bá bínú sí ìyá yẹn lọ́jọ́ náà ni, ẹgbẹ́ méjì ni à bá máa jẹ́ lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìtàn Ìjàyè fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n lè mọ ìdí tí a fi ń rẹ́rìn-ín nídìí èlùbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Agó-Ìjàyè jókòó ti ara wọn gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí a sì fi joyè nínú ẹgbẹ́, bí wọ́n bá fi yín dá àpárá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ààrẹ tó bá gbọ́ àwàdà kò ní í gbọ́ ìbọn.

Ilẹ̀ tí a wà yìí yóò gbè wá. A ó ṣe èyí ṣe ẹ̀mí-ìn.