Ìjánu ọkọ̀ jíjá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìjánu ọkọ̀ jíjá ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí agbára tí awakọ̀ fi ń dá ọkọ̀ dúró bá dínkù gidigidi, tàbí tí ó bá tán pátápátá, nígbà tí ọkọ̀ ń rìn lọ́wọ́. Ní Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àti ní ìyókù ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ewu yìí pọ̀ nítorí pé àárín àpáta àti òkè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí ní nǹkan bí ọdún 1830, àti nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù púpọ̀ ni ó ń gba àwọn ọ̀nà agbègbè náà. Ewu náà pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni ìgbà tí ọkọ̀ ń sáré láìní ìjánu. Èkejì ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ọkọ̀ tí ó ti dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ṣì lè tún yí.

Orúkọ

Ìjánu ni irin tí wọ́n máa ń fi sí ẹṣin lẹ́nu kí ẹni tí ó gùn ún lè dá a dúró. Láti ibẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti mú orúkọ náà fún ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Láàárín àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì, bíréèkì ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù, wọn a sì máa sọ pé bíréèkì já tàbí pé ọkọ̀ kò mú bíréèkì mọ́.

Bí ìjánu ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tí ó ń bà á jẹ́

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń ti ọ́ìlì bíréèkì gba inú páìpù tín-ín-rín lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbẹ̀ ni agbára náà ti ń tẹ pádì mọ́ irin pẹrẹsẹ tí ń yí pẹ̀lú táyà, tàbí tí ó ń ti láínì mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù. Ìfarakanra yìí ni ó ń sọ eré ọkọ̀ di ooru. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ooru tí ìjánu gbọ́dọ̀ gbà mọ́ra kí ọkọ̀ tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun tí ó sábà máa ń fa jíjá ìjánu ni páìpù tí ó ń jò, rọ́bà inú másítà tí ó ti gbó, pádì tí ó ti jẹ tán, àti ooru àpọ̀jù. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Òṣùwọ̀n DOT 4 béèrè pé kí ọ́ìlì tuntun má ṣe hó kí ooru tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní 155°C. Bí ó bá hó, atẹ́gùn yóò wà nínú páìpù, ẹsẹ̀ bíréèkì yóò sì wọlẹ̀ láìmú ọkọ̀ dúró. Bí ó bá tutù tán, ẹsẹ̀ bíréèkì náà lè tún padà le, èyí tí ó máa ń tan awakọ̀ jẹ láti máa bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá rọ sínú másítà dípò ọ́ìlì bíréèkì a máa mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, a sì bà á jẹ́.

Ti tirela yàtọ̀. Atẹ́gùn tí ẹ̀rọ fún pọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìjánu rẹ̀. Sípíríǹgì líle wà nínú rẹ̀ tí ń ti ìjánu pa, atẹ́gùn ni ó sì ń ká sípíríǹgì náà kò kí ọkọ̀ tó lè rìn. Nítorí náà, bí atẹ́gùn bá jò tán, ṣe ni táyà yóò di. Ohun tí ó sábà máa ń jẹ́ kí tirela sá lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìjánu tí ó gbóná jù, ẹrù tí ó pọ̀ jù, tàbí ìjánu tí wọn kò tún dè bí ó ti yẹ.

Àwọn ọ̀nà ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Orúkọ àwọn àdúgbò Abẹ́òkúta bíi Òkè-Ìlewó, Òkè-Ìjẹun àti Òkè-Mósàn fi hàn bí ilẹ̀ ìlú náà ṣe rí. Láti orí àwọn òkè wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ọ̀nà dà sísàlẹ̀ sí ibi tí èrò, ọjà, màrúwá àti ọlọ́kadà pọ̀ sí. Ọ̀nà tí ó ti Ìtòkú lọ sí afárá Lafẹ́nwá lórí Odò Ògùn jẹ́ àpẹẹrẹ.

Lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà Èkó gba Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà, lọ sí Ìfọ̀ àti Sàngó-Ọ̀tà. Ọ̀nà Ìbàdàn gba Odẹ́dá, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ọ̀nà Ṣágámù gba Kóbapẹ́ àti Ṣíun. Sìmẹ́ǹtì, òkúta àti epo bẹntiróòlù ni ẹrù wíwúwo tí ó wọ́pọ̀ lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.

Ohun tí awakọ̀ ń ṣe bí ìjánu bá já

Bí ọkọ̀ bá ń sá ní kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, ó ń lọ ju mítà 16 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, awakọ̀ kò ní àkókò púpọ̀. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni èyí:

1. Kí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tírótù, kí ó sì tẹ ẹsẹ̀ bíréèkì léraléra kíákíá, nítorí ó lè rí agbára díẹ̀ kó jọ.
2. Kí ó máa bọ́ sí gíà kékeré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ́ńjìnnì lè fà á sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ tí ń pa gíà fúnra rẹ̀, L tàbí 2 ni yóò fi sí, kì í ṣe P tàbí R.
3. Kí ó fa ìjánu ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà, táyà ẹ̀yìn lè di, ọkọ̀ a sì yí bìrí.
4. Kí ó máa fun fèrè ọkọ̀, kí ó sì tan iná kí àwọn ẹlòmíràn lè yàgò.
5. Kí ó darí ọkọ̀ sí ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè, sí inú yanrìn tàbí igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò sí ènìyàn.

Awakọ̀ kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Bí ó bá pa á, sítíárí yóò le, bí ó bá sì yọ kọ́kọ́rọ́, sítíárí lè tì pa.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dúró

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi òkúta ńlá tàbí igi dí táyà ní ìhà ìsàlẹ̀ òkè. Ìjánu ọwọ́ nìkan kò tó. Gbogbo èrò yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọn kò sì ní dúró sí iwájú tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀. Àmì onígun mẹ́ta pupa ni wọ́n ń gbé sójú ọ̀nà láti kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀. Ewé tútù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń já sójú ọ̀nà ṣe é rí lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kì í dá iná padà lóru.

Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ táńkà epo, kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ti ṣòfò ní Nàìjíríà láàárín àwọn tí ó lọ gbọ́n epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkà tí ó ṣubú.

Gbígbé ọkọ̀ tí ìjánu rẹ̀ ti já

Okùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò bí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Fún ọkọ̀ tí kò ní ìjánu, okùn léwu. Okùn lè fa ọkọ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Bí ọkọ̀ iwájú bá dẹ eré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ti ẹ̀yìn yóò kọ lù ú tàbí kí ó yà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí ó dára jù ni ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ó lè gbé ọkọ̀ náà rù pátápátá. Bí wọ́n bá fẹ́ lo tówín tí ń gbé táyà méjì sókè, táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni ó yẹ kí ó gbé. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó yẹ kí wọ́n gbé rù.

Kí wọ́n tó yọ òkúta tí ó dí táyà, ó yẹ kí wọ́n ti so ọkọ̀ náà mọ́ tówín dáadáa. Ti tirela tún gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé láti lè fà á, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní atẹ́gùn tàbí kí ó ká sípíríǹgì ìjánu rẹ̀ kò. Láti ìgbà tí ó bá ti ká a kò, kò sí ohun tí ó ń mú ọkọ̀ náà dúró mọ́ àyàfi ohun tí ó dí táyà àti ọkọ̀ tí wọ́n so ó mọ́.

Ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ béèrè iye owó àti ibi tí wọn yóò gbé ọkọ̀ lọ kí wọ́n tó so ó, kí ó sì gba ìwé owó lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àjọ àti òfin

FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1934, ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì àjọ náà ni 122. 112 sì ni nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè. TRACE ni àjọ tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀. Òfin ètò ìlera ti ọdún 2014 sì ka á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹni tí ó farapa.

Bí ènìyàn bá farapa tàbí kú, àwọn ayẹ̀ọkọ̀wò tí a mọ̀ sí VIO ni ó máa ń yẹ ọkọ̀ náà wò fún ọlọ́pàá. Nítorí náà, kò yẹ kí mẹkáníìkì tú ìjánu náà kí àyẹ̀wò tó parí, nítorí pé ara rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ìwé adójútòfò tí òfin sọ di dandan fún gbogbo ọlọ́kọ̀ wà fún ìpalára tí ọkọ̀ bá ṣe fún ẹlòmíràn; kì í san owó tówín tàbí owó àtúnṣe ọkọ̀ ẹni fúnra rẹ̀.

Ìdènà

Ìjánu kì í sábà já láìkọ́kọ́ fi àmì hàn. Lára àwọn àmì náà ni ẹsẹ̀ bíréèkì tí ó rọ̀ tàbí tí ó ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ariwo irin, òórùn jíjóná, iná pupa níwájú awakọ̀, ọkọ̀ tí ń yà sí apá kan bí a bá tẹ bíréèkì, àti ọ́ìlì tí ó ń kán sí ìdí táyà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ dámọ̀ràn pé kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ní ọdún méjì-méjì. Ní ìlú olókè bí Abẹ́òkúta, kí awakọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni ó ti yẹ kí ó bọ́ sí gíà kékeré, kí ìjánu má baà gbóná kí ó tó dé ìsàlẹ̀.